Nígbà tí wọ́n bá pe dókítà ní nọ́ọ̀sì: ohun tí wàá sọ, ohun tí wàá kọ sílẹ̀, ibi tí wàá gbé e lọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti fa omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ìyá àgbà kan, mo ti fi fọ́tò X-ray hàn án, mo sì ti fi bí ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé ohun tí a rí fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Nígbà tí mo ní ṣé ó ní ìbéèrè, ó yíjú kúrò lára mi, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́yìn mi, ọmọ òyìnbó tó ń kọ́ ìṣègùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó sì di fáìlì mú ní ìdojúdé. Ìyá ní, "Thank you, doctor. Your nurse is very gentle."

Ojú ọmọ náà pọ́n bí ata. Èmi rẹ́rìn-ín músẹ́, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi rín irú ẹ̀rín yẹn ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo lè sọ dípò rẹ̀.

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege PLAB, ìdánwò tí dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ níbí, máa ń pè mí. Wọ́n á bi mí nípa ilé, nípa físà, nípa aṣọ òtútù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè èyí, àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí ohùn wọn bá ti yí padà lórí fóònù. Ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún, àti obìnrin àti ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti obìnrin ni mo mọ̀ jù.

Òyìnbó ní orúkọ fún un: microaggression. Chester Pierce, dókítà ọpọlọ, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ́ni ní Harvard, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 1970. Ìwọ̀sí wẹ́wẹ́ ni èmi ń pè é. Òkúta inú ìrẹsì ni. Ẹyọ kan, wàá tu ú dànù, wàá máa jẹun lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo ṣíbí ni eyín rẹ ń bá òkúta pàdé, wàá gbé àwo náà tì. Ẹni tó bá sì fi ẹyọ kan ṣoṣo sùn á dà bí alásọdùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi í sùn rárá.

Kí o tó wọ wọ́ọ̀dù

Báàjì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2013, Kate Granger, dókítà àwọn arúgbó tí jẹjẹrẹ ń bá jà, dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ó sì rí i pé àwọn tó ń wá sí ìdí bẹ́ẹ̀dì òun kì í sọ orúkọ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo "Hello, my name is", tó tàn káàkiri àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kó tó kú ní 2016. Nítorí aláìsàn ló ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò fún wa náà. Béèrè fún báàjì tí wọ́n kọ ipò rẹ sí ní lẹ́tà gàdàgbà, kí o sì fi í sí àyà. Ti ìbàdí, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Lẹ́yìn náà, bí o ṣe máa sọ ẹni tí o jẹ́. Má sọ orúkọ nìkan. "Èmi ni Dókítà Adéṣọlá. Èmi ni dókítà tó ń mójú tó yín lónìí." Ẹ̀ẹ̀mejì ni "dókítà" wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọkùnrin òyìnbó tó ga lè wọlé pé "Hi, I'm Tom", wọn á ti pè é ní dókítà kó tó fa àga. Àwa kò ní irú ọ̀fẹ́ yẹn. Nígbà tí o bá sì ń jáde, fi èyí kún un: "Bí ìbéèrè bá wà lẹ́yìn tí mo lọ, ẹ ní kí wọ́n pe Dókítà Adéṣọlá."

Ti orúkọ yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí o ti yanjú rẹ̀. Ẹnì kan á bi ọ́ bóyá òun lè máa pè ọ́ ní Addy. Bí o bá ní "kò burú" lọ́jọ́ yẹn, Addy ni wàá jẹ́ títí wàá fi kúrò níbẹ̀, Addy ni wọn á kọ sára pátákó, ìyá rẹ á sì gbọ́ Addy lórí fídíò. Dáhùn pé, "Rárá, Adéṣọlá ni. Ẹ jẹ́ ká jọ pè é." Kọ bí wọ́n á ṣe pè é sísàlẹ̀ ímeèlì rẹ ní ọ̀nà tí ẹnu wọn á fi gbé e: Ah-day-SHAW-lah. Wọn kò ní mú àmì ohùn rẹ̀, jẹ́ kó lọ. Ẹni tó lè pe levetiracetam, oògùn wárápá, láìkálòlò, ó lè gbìyànjú Adéṣọlá.

Kì í ṣe òní ni wàhálà orúkọ bẹ̀rẹ̀ láàárín dókítà Yorùbá àti òyìnbó. Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, Alexander Johnson Williams ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó gba orúkọ ilé wọn padà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kó àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ ẹgbẹ́ kan ní 1902, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ òyìnbó nìkan ni wọ́n ní kó wọ̀ ọ́. Àwọn bíi Sapara, tí wọ́n kàwé ní ìlú òyìnbó kan náà, wà lábala ọ̀tọ̀ pẹ̀lú owó oṣù tó kéré. Ìwọ̀sí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé nìyẹn. Tòde òní kò sí nínú ìwé kankan, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ ọ́ síbẹ̀. Màá padà sórí èyí.

Níkẹyìn, fi gbólóhùn mẹ́ta sẹ́nu kó tó di pé o nílò wọn. Ìwọ̀sí máa ń gbẹ ọ̀fun, èsì tó dáa kì í sì dé àfi nígbà tí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì. Ní ilé ìwẹ̀ ni mo ti kọ́ tèmi sórí.

Àkọ́kọ́, àtúnṣe: "Èmi ni dókítà yín. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín lónìí ló wà lọ́hùn-ún yẹn." Sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí o sì bá iṣẹ́ lọ. Má sọ pé "Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì lásán." Ìyá mi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì, kò sí nǹkan lásán níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó bá sì gbọ́ ọ yóò rántí rẹ̀ lóru ọjọ́ tí o bá nílò wọn.

Èkejì, ìbéèrè: "Kí lẹ ní lọ́kàn tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Kí o wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù fún ọmọ Yorùbá, torí wọ́n ti kọ́ wa láti máa fi àwàdà bo ojútì ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí ojú tì í díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ààlà: "Màá tọ́jú yín, ṣùgbọ́n a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí òṣìṣẹ́ níbí."

Nídìí bẹ́ẹ̀dì

Kó o tó mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wo ara aláìsàn náà. Lóru ọjọ́ kan, bàbá kan pè mí ní orúkọ tí n kò ní kọ síbí, ó tún na ọwọ́ láti gbá mi. Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé: sódíọ̀mù rẹ̀, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 118, nígbà tó yẹ kó ju 130 lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin tí orí rẹ̀ wálẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Àìsàn ló sọ̀rọ̀, èmi kì í gba ti àìsàn sọ́kàn. Bí oògùn àtọ̀gbẹ bá ti fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀ arúgbó, tọ́jú ìyẹn ná.

Tún mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀sí àti ẹ̀tọ́. Obìnrin tó ní kí obìnrin yẹ abẹ́ òun wò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè. Ẹni tí etí rẹ̀ kò dáa tó ní kí o tún ọ̀rọ̀ sọ, kò bú ohùn rẹ. Mo ti bínú sí irú wọn rí, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà.

Èyí tó kù ni ti aláìsàn tí orí rẹ̀ pé, tó ní òun kò fẹ́ ọ, kí o lọ pe ọmọ onílẹ̀ wá. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá sọ gbólóhùn ẹ̀kẹta, màá fi kún un pé, "Ẹ lè kọ ìtọ́jú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kò lè fi àwọ̀ yan dókítà." Màá kúrò níbẹ̀, màá lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù àti kọ́ńsọ́tántì, ìyẹn dókítà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o fúnra rẹ lọ wá arọ́pò. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ ẹnì kejì mi tó jẹ́ òyìnbó pé kó bá mi yẹ ọkùnrin kan wò kí ilẹ̀ lè pa rọ́rọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà ní dókítà ará Íńdíà náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òun. Kọ́ńsọ́tántì ni kó padà wá pẹ̀lú rẹ, kó dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, kó sọ ọ́ lójú rẹ pé ìwọ ni dókítà. Láti oṣù kẹrin 2020, ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti dá ìtọ́jú tí kì í ṣe ti pàjáwìrì dúró fún ẹni tó bá ń bú òṣìṣẹ́ nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn ọ̀gá ló ń pa ìpinnu yẹn, kì í ṣe ìwọ nìkan ní aago méjì òru. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ó wà, torí àwọn ọ̀gá mìíràn kò mọ̀.

Ibí yìí ni ilé tí a ti wá ti máa ń fà wá sẹ́yìn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ló dùbúlẹ̀ yẹn, ọmọ Yorùbá sì ni ọ́. Inú rẹ ti ń kúnlẹ̀ kó tó bú ọ. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́" ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ó dáa nílé, níbi tí ẹni tó rí ọ tí o dákẹ́ ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ló mú ọ dákẹ́. Níhìn-ín, wọ́n á ní kò dùn ọ́ ni. Má ṣe bú àgbà padà o, ṣùgbọ́n "Rárá, sà, èmi ni dókítà" kì í ṣe àrífín.

Nígbà tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́

Èyí le ju ti aláìsàn lọ, torí aláìsàn á lọ sílé. Wọ́n á bi ọ́ ibi tí o ti wá, wàá ní Manchester, wọ́n á ní "No, where are you really from?" Wọ́n á yìn ọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ dáa, ìwọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi nà ọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹnì kan á fọwọ́ kan irun dídì rẹ láìtọrọ àyè. Fún wọn ní gbólóhùn kejì, "Kí lo ní lọ́kàn?", kí o dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ lóòótọ́ á ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ á sì dùn. Ẹni tó fẹ́ rán ọ létí pé àlejò ni ọ́ á wá iṣẹ́ lọ ṣe.

Ti ìpàdé ni kí n dúró lé díẹ̀. Mo ní kí a dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì aláìsàn kan dúró kí wọ́n tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó gbé orí sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi sọ ohun kan náà, gbogbo ilé ní "good point". Inú á bí ọ, wàá fẹ́ dákẹ́ títí dìrọ̀lẹ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ lójú ẹsẹ̀ pé, "Inú mi dùn pé o gbà pẹ̀lú ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ wo la máa dá a dúró?" O ti gba ọ̀rọ̀ rẹ padà, o sì ti sún iṣẹ́ síwájú, kò sí ibi tí wọ́n á ti sọ pé o ń jà.

Torí wọ́n á sọ ọ́. Bí o bá dákẹ́, "lacks confidence" ni wọ́n á kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Bí o bá sọ̀rọ̀, "aggressive" ni, pàápàá bí o bá jẹ́ obìnrin adúláwọ̀. Oògùn tí mo rí fún un ni pé kí o béèrè àpẹẹrẹ, nínú ímeèlì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ọjọ́ wo, níbo, kí ni mo sọ gan-an? Lẹ́ẹ̀mejì tí mo béèrè, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n rí èsì fún mi. Èyí tí kò lésì, wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà

Bó bá jẹ́ nǹkan kan péré ni wàá mú nínú gbogbo èyí, èyí ni kí o mú. Ìwé kékeré ló dáa, tàbí fóònù tìrẹ. Má kọ ọ́ sínú ímeèlì ilé ìwòsàn, torí ọjọ́ tí o bá kúrò níbẹ̀ ni wọ́n á tì í mọ́ ọ. Má kọ orúkọ aláìsàn síbẹ̀ láé. Tèmi kan rèé, bó ṣe wà nínú ìwé:

"Ọjọ́bọ̀, aago 2:15 ọ̀sán, ọ́fíìsì àwọn dókítà. Ọ̀gá ní, 'You people are good with the night shifts.' Èèyàn mẹ́ta gbọ́ ọ. Mo ní, 'Àwọn èèyàn wo?' Ó rẹ́rìn-ín. Alẹ́ márùn-ún ni mo ní lóṣù yìí, àwọn tó kù ní mẹ́ta-mẹ́ta."

Gẹ̀ẹ́sì tó sọ gan-an ni mo fi sínú àmì, n kò túmọ̀ rẹ̀. Iye alẹ́ ni mo kọ, n kò kọ "wọ́n ń fìyà jẹ mí". Lẹ́yìn oṣù méjì, tí o bá ṣí ìwé náà, ó lè jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ló ń yọjú. Ẹjọ́ rẹ nìyẹn. Ó sì tún lè jẹ́ pé wọ́n pọ̀, kò sí ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹjọ́ wọ́ọ̀dù lápapọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ẹnì kan. Èyí tó bá wá láti ọ̀dọ̀ aláìsàn, fi í sórí Datix, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ sùn, bí ilé ìwòsàn rẹ bá ń lò ó, torí iye tó wà níbẹ̀ nìkan ni àwọn aláṣẹ ń kà.

Ibi tí ẹjọ́ ń gbà

Wọ BMA, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn dókítà, kí wàhálà tó dé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í sábà gba ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ kí o tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ rẹ, bí kì í bá ṣe òun gan-an ni ẹlẹ́jọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Freedom to Speak Up Guardian. O lè bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti dájọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí o kàn.

Òfin tó dúró lẹ́yìn rẹ ni Equality Act 2010, tó ń ṣiṣẹ́ ní England, Wales àti Scotland. Àwọ̀, orílẹ̀-èdè, ìran àti jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o há sórí níbẹ̀ ni èyí: ìyọlẹ́nu kì í ṣe ohun tí ẹni náà ní lọ́kàn nìkan. Bí ìwà náà bá tẹ iyì rẹ mọ́lẹ̀, tàbí tó sọ ibi iṣẹ́ di ibi ìbẹ̀rù fún ọ, òfin lè kà á sí, bó tilẹ̀ ní àwàdà lòun ń ṣe, tó bá sáà jẹ́ pé ó bọ́gbọ́n mu kó rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ. Ìwà tó ń tẹ̀ lé ara wọn lè di ẹyọ kan lójú òfin, kí wọ́n ka ọjọ́ láti ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé kékeré rẹ ló máa fi hàn pé wọ́n so kọ́ra.

Ọjọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni òfin ti máa ń fúnni láti gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ni o sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn sí. Òfin tuntun ń fẹ́ sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà, nítorí náà bi Acas èyí tó bá ọjọ́ rẹ mu. Ẹjọ́ abẹ́lé tí ẹ ń ṣe ní ilé ìwòsàn kì í dá aago yẹn dúró. Mo mọ ẹni tó fi sùúrù dúró de èsì lẹ́tà rẹ̀, tí ilẹ̀kùn fi tì.

Físà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá fi ọ́ sílẹ̀, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ọ láti rí òmíràn. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ojo. Òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ọ́ nítorí pé o fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n òfin kò san owó ilé. Bí ó bá jẹ́ èmi, màá kọ́kọ́ bá BMA sọ̀rọ̀, màá wá iṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá fi ọwọ́ sí lẹ́tà.

Bí o bá jẹ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ìwé ìlànà GMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2024 kò fi ẹni tó kàn ń wòran sílẹ̀: bí o bá rí i, ṣe nǹkan kan. Kò ní láti jẹ́ ìjà. Bí aláìsàn bá ń wo ojú rẹ dípò ojú dókítà tó ń bá a sọ̀rọ̀, ìwọ náà yíjú sí dókítà yẹn. Ojú aláìsàn á tẹ̀ lé tìrẹ. Mo kọ́ ọmọ tó di fáìlì ní ìdojúdé yẹn ní èyí, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ó gbà.

Nílé ńkọ́?

Ká má wá dà bíi pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Èdè wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin nínú "ó", "dókítà" náà kò ní akọ tàbí abo. Láti ayé Abimbola Awoliyi, tó gbàwé ẹ̀rí ní Dublin ní 1938 tó sì wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni obìnrin ti ń ṣe dókítà láàárín wa. Síbẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni dókítà máa dé?" ṣì ń kí wọn káàárọ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn. Ó sú u, ó lọ bá aránṣọ, wọ́n fi òwú pupa kọ DÓKÍTÀ gàdàgbà sí àyà aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́, bàbá kan yọ gíláàsì jáde, ó fi sójú, ó ka lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wò ó tàánútàánú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé dókítà lẹ yá aṣọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"